Ìjì yìnyín ń bọ̀ ní Winnipeg, ọmọ mi sì wà níbẹ̀

Ìyá Bùsọ́lá, Ìbarà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bùsọ́lá, àkọ́bí mi, wà ní Winnipeg ní Kánádà, ẹ̀kọ́ ló bá lọ. Ọ̀sán yìí ló pè mí pé wọ́n ti kéde ìjì yìnyín, pé láti alẹ́ ọ̀la, Sátidé, ni yóò bẹ̀rẹ̀, pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa le gan-an. Ẹ̀rín ló ń fi sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọmọ yìí, tí ọyẹ́ bá mú díẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, kì í kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora títí oòrùn á fi là.

Òun àti ọmọ Ìbàdàn kan ló jọ ń gbé básẹ́mẹ́ǹtì ilé ẹnì kan, ìyẹn ìsàlẹ̀ ilé tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọn ò ní mọ́tò. Bùsọ́lá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, wọn ò sì tíì sọ fún wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n má wá lálẹ́ ọ̀la. Kí ló yẹ kó rà lónìí? Kí ni kò gbọdọ̀ dán wò? Kí lèmi náà lè ṣe láti ibí? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n gbàdúrà, ìyẹn ti ń lọ lọ́wọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Winnipeg

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà nílùú yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí Bùsọ́lá má jáde nílé lálẹ́ ọ̀la. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo nǹkan yòókù. Ẹni tó wà nínú ilé, tí hítà ilé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òtútù ò rí i gbé ṣe. Àwọn tó wà níta ló ń mú.

Kí ẹ lè mọ bí ohun tí wọ́n kéde ṣe rí: ní Kánádà, kí wọ́n tó kìlọ̀ pé ìjì yìnyín gidi ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ní láti máa fẹ́ tó kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, kí yìnyín tó ń fò káàkiri má jẹ́ kéèyàn rí kọjá mítà 400, kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 4 ó kéré tán. Ibi tó bá ti le, èèyàn lè ṣìnà láàárín ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sí ibi tó gbé mọ́tò sí.

Òtútù méjì ni Bùsọ́lá máa rí lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan ni ti òtútù fúnra rẹ̀, èkejì ni bó ṣe máa rí lára tí afẹ́fẹ́ bá kún un. Èkejì yẹn ni kó máa wò. Tó bá jẹ́ −25, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní kìlómítà 40, á rí lára bíi −41. Ní irú òtútù yẹn, awọ ara tí aṣọ ò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ wá wo iye ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ní ti iṣẹ́, kó pe ọ̀gá rẹ̀ lónìí, kó má dúró dìgbà tó ku wákàtí kan. Tó bá pè tán, kó tún fi ohun tó sọ ránṣẹ́ ní kíkọ, kó so àwòrán ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ náà mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì lè gbé e dé ibẹ̀ láago 10 alẹ́, kó má sì sí ẹyọ bọ́ọ̀sì kan tó máa gbé e padà láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kó sí wàhálà, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun. Owó alẹ́ kan ni, Màmá. Ẹ bá a dá a.

Àǹtí Buffalo

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Buffalo ni mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, létí adágún Erie. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ni ìjì kan bẹ̀rẹ̀ níbí. Yìnyín tó já ní pápákọ̀ òfuurufú wa ju ínǹṣì 50 lọ kó tó dáwọ́ dúró. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Inú mọ́tò tó há sínú yìnyín làwọn kan kú sí, ojú títì làwọn mìíràn, àwọn kan wà nílé tí iná ti lọ, àwọn mìíràn sì dì ṣọ́bìrì mú tí ọkàn wọn fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Áńbúláǹsì há. Mọ́tò panápaná há. Tẹ́ ẹ bá pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n á gbé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ yín.

Òfin pé kí ẹnikẹ́ni má wa mọ́tò mọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, kí Bùsọ́lá má dúró de ìjọba. Ẹ̀yin ará Láfẹ́nwá mọ̀ ọ́n: nígbà tí odò Ògùn bá ń kún bọ̀, ẹni tó gbọ́n kì í dúró kí wọ́n wá fi mẹ́gáfóònù pè é.

Rìwáyà Pánsẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi. Bí NEPA wọn bá mú iná lọ ńkọ́? Kí àwọn ọmọ méjèèjì dáwó jọ, kí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí à ń pè ní "I better pass my neighbour". Wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òtútù má baà kú ẹ́ńjìnì, wọ́n á fi wáyà fa iná wọlé, wọ́n á so hítà mọ́ ọn. Tí owó ò bá tó, kí wọ́n ra àdògán àti èédú, kí wọ́n yáná. Ṣebí bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe é nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Bọ̀dá Rìwáyà, ẹ má bínú sí mi, ìmọ̀ràn yẹn lè pa àwọn ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ níbí, pé ìdílé kan sùn, wọn ò jí, jẹ́nẹ́ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín tó ń pa wọ́n, kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ilé tiwa níbí tiẹ̀ ní ihò káàkiri. Ilé tiwọn, ńṣe ni wọ́n dí i kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé rárá. Nígbà tí òtútù mú Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí iná lọ nílé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn, àwọn tó kú lé ní 200. Èéfín yìí pa nínú wọn. Àwọn kan tan mọ́tò sínú gáréèjì kí wọ́n lè yáná nínú rẹ̀, àwọn kan gbé jẹ́nẹ́ wọlé, àwọn kan dá èédú sínú pálọ̀.

Jẹ́nẹ́, ìta gbangba ni ipò rẹ̀, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kó má sì kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Sítóòfù gáàsì àti ófùùnù, oúnjẹ ni wọ́n fi ń sè, a kì í fi wọ́n mú ilé gbóná. Àdògán ò gbọdọ̀ wọlé rárá.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sára ògiri, òun ló ń ké tí èéfín yìí bá wà nínú ilé. Kí Bùsọ́lá wá a kàn lónìí, kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò bóyá ó ń ké, kó sì bi onílé tí kò bá sí. Tó bá ké lóru, kí wọ́n wọ kóòtù, kí wọ́n jáde, kí wọ́n dúró níta pe 911. Kí ẹnikẹ́ni má yọ bátìrì rẹ̀ torí pé ariwo ń pọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì tó máa ń kọ́kọ́ hàn. Tí orí bá ń fọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má sọ pé ibà ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Winnipeg

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé básẹ́mẹ́ǹtì kì í mọ̀. Ọ̀pọ̀ hítà ilé níbí, gáàsì ló ń lò, èéfín rẹ̀ sì ń gba inú páìpù kan jáde lára ògiri ìta, nísàlẹ̀ níbi tí yìnyín ti lè bò ó. Tí ẹnu páìpù yẹn bá dí, hítà lè kú, tàbí kí èéfín má rí ibi gbà jáde mọ́. Kí Bùsọ́lá lọ bá onílé lónìí tí ojú ṣì mọ́, kó ní kó fi ibẹ̀ hàn òun. Tí ìjì bá rọlẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbá, kí wọ́n tó ronú kan ojú ọ̀nà. Kó sì yẹ fèrèsé básẹ́mẹ́ǹtì náà wò bóyá ó ń ṣí. Yìnyín lè dí ẹnu ilẹ̀kùn pa.

Rìwáyà Pánsẹ́kẹ́

Mo ti gbọ́, mo yọ jẹ́nẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn o. Bí iná bá lọ, tí hítà kú, kí ni wọ́n máa ṣe?

Àǹtí Buffalo

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kí wọ́n yan yàrá kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù tí fèrèsé rẹ̀ ò sì pọ̀, kí àwọn méjèèjì kó síbẹ̀. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá yòókù, kí wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì sí abẹ́ ilẹ̀kùn tiwọn, kí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé. Tí oòrùn bá yọ, kí wọ́n ká aṣọ yẹn kúrò. Kí wọ́n wọ aṣọ lé aṣọ, fìlà lórí, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì pa pọ̀. Ara èèyàn méjì lábẹ́ aṣọ ìbora kan gbóná ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi àbẹ́là sílẹ̀, torí ẹni tó sùn lọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àbẹ́là ń jó ti gbé iná sórí ara rẹ̀. Tí iná wà tí wọ́n ń lo hítà kékeré, kó jìnnà sí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì tó mítà kan, kí wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná ara ògiri tààrà, kí wọ́n má fi wáyà olórí púpọ̀ fà á.

Omi ẹ̀rọ lè dì sínú páìpù, kí páìpù sì bẹ́. Kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kó máa kán, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ síǹkì kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Kí wọ́n bi onílé ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Páìpù tó bá ti dì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun la fi ń yọ́ ọ, kì í ṣe iná.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Gàárì ni bàbá. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ fíríìjì. Gàárì, ẹ̀pà, kúlíkúlì, wàrà oníyẹ̀fun, búrẹ́dì, sàdíìnì tí agolo rẹ̀ ṣeé fà ṣí lọ́wọ́. Láfún tí ìyá kó fún un láti ilé, kó fi í sílẹ̀ títí iná á fi dé, torí ẹni tí kò ní iná kò ní àmàlà. Kó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ lónìí, kó gbé e sí fírísà. Tí iná bá lọ, kí wọ́n má máa ṣí fírísà wò. Tó bá kún tí wọn ò ṣí i, nǹkan inú rẹ̀ á tó wákàtí 48 kó tó yọ́. Ti fíríìjì, wákàtí 4 péré. Àmọ́, ṣé ẹni tí yìnyín yí ilé rẹ̀ ká ló máa sunkún pé fírísà kú? Kó kó oúnjẹ sínú kúlà, kó dé e, kó gbé e síta.

Omi mímu, kí wọ́n ní lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, tó máa tó ọjọ́ 3. Kò pọn dandan kí wọ́n ra omi oníke tó bá ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n pọn omi ẹ̀rọ sínú gbogbo ìkòkò tó ní ọmọrí kí ìjì tó dé. Kí wọ́n má máa jẹ yìnyín bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, ńṣe ló máa tú ooru inú ara wọn dànù.

Màmá Àgbà Òkè-Ìléwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ti lọ wẹ ọmọ ní Minnesota, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ìyá Bùsọ́lá, ṣé kì í ṣe pé àdìrẹ Ìtókù àti síwẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ kó fún un? Òwú ò wúlò fún òtútù yẹn. Tí ara bá làágùn sínú òwú, ńṣe ló máa tutù mọ́ni lára. Èyí tó ń wà lára gan-an, kó jẹ́ aṣọ inú tí wọ́n ń tà fún òtútù. Síwẹ́tà onírun àgùntàn á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kóòtù tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Ìbọ̀wọ́ tí ìka gbogbo jọ ń wà pọ̀ nínú rẹ̀ dára ju èyí tó ya ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà kó fẹ̀ díẹ̀, kó gba ìbọ̀sẹ̀ méjì láìfún ẹsẹ̀ pa. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ò tíì lọ, tẹ́ ẹ ń wá kóòtù òkìríkà kiri ọjà, ẹ ra síwẹ́tà níbí, ẹ jẹ́ kó ra kóòtù àti bàtà lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n rán fún òtútù ibẹ̀ ló ń bá òtútù ibẹ̀ mu.

Òrí ni kó máa fi pa ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ní ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó bá ti kú, Àbóníkì ni kó fi ra á dáadáa títí á fi gbóná. Èyí tí mo lò nìyẹn.

Ohun tó kù: ọkọ ọmọ mi ń gbé ṣọ́bìrì lọ gbá yìnyín láàárọ̀ bí ẹni ń lọ sóko àgbàdo, mo ní kó dá a dúró. Yìnyín wúwo o. Ẹni tó bá ti lé ní 45, tó sì ń jókòó ní ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́, kó rọra. Kó máa tì í, kó má máa gbé e sókè, kó máa sinmi. Tí àyà bá fún un, kó wọlé kó pe èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Màmá wa, òrí dára. Àbóníkì ni ká yọ. Ó máa ń ta lára, kì í mú ẹran ara gbóná, ibi tó bá ti dì kì í sì í fẹ́ rírà rárá. Tí wọ́n bá ń ra á, ẹran inú ibẹ̀ á máa ya.

Bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀ nìyí. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ ta bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, etí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń mú. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í pọ́n. Awọ ibẹ̀ máa ń ṣì ju ibi yòókù lọ, á sì le. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó tutù àti òrùka, kí wọ́n ki ibẹ̀ bọ inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 37 sí 39, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Omi gbígbóná àti iwájú hítà á bó o láìmọ̀, nítorí ibẹ̀ ò mọ ooru lára mọ́. Tí kò bá yí padà, tàbí tó ń yọ omi, ilé ìwòsàn ni.

Èyí tó burú jù ni kí gbogbo ara tutù. Tí ooru inú ara bá ti lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé. Ẹni náà á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní dúró, á máa ṣe bí ẹni mutí. Tó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti gbóná, ẹ má yọ̀, ó ti burú sí i nìyẹn. Ẹ pe 911. Ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àyà, ọrùn àti orí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá là, tó lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó ní ṣúgà. Ògógóró àti wáìnì kọ́. Ọtí máa ń mú kó dà bíi pé ara gbóná, nígbà tó jẹ́ pé ó ń tú ooru síta ni.

Ọlọ́ńdọ̀nù

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìlú Ọba, àwọ̀ ni Met Office fi ń kìlọ̀: yẹ́lò, áńbà, pupa. Yìnyín tiwa ò tó ti àwọn ará Winnipeg rárá, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró ṣáá. Tó bá di pupa, ẹ jókòó sílé.

Onítírélà Calgary

Bùsọ́lá ò ní mọ́tò, àmọ́ àwọn mìíràn tó ń ka èyí ní. Epo yín kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kẹrin. Táyà òtútù ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ní Quebec, òfin ni, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ẹ kó ṣọ́bìrì kékeré, bùláńkẹ́ẹ̀tì, iyanrìn díẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ń já bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, omi àti bísíkíìtì sínú búùtù.

Tí ìjì bá ká yín mọ́ ọ̀nà, tí mọ́tò há, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ pé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Mọ́tò rọrùn láti rí ju èèyàn lọ. Ẹ so aṣọ aláwọ̀ títàn mọ́ ọn. Ẹ máa tan ẹ́ńjìnì fún bí ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí kan, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ jáde gbá yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé kan díẹ̀. Sàlẹ́ńsà tó bá dí, inú mọ́tò ni èéfín rẹ̀ ń padà sí, ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì la tún padà sí yẹn. Ẹ máa na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Ẹni méjì ò gbọdọ̀ sùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá Fóònù Ṣàpọ́n

Ìyá Bùsọ́lá, ẹ bi wá léèrè ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ibí, gbogbo wọn ti gbójú fò ó. Iṣẹ́ tiyín nìyí: ẹ má pa fóònù ọmọ yín.

Mo mọ ohun tí ìyá máa ń ṣe. Á pè lórí WhatsApp, vídíò, kó lè fojú rí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá á pè, bàbá á pè, pásítọ̀ á pè. Kí aago méjì tó lù, bátìrì ti kú, iná ò sì sí tí wọ́n máa fi ṣáájì. Òtútù fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ bátìrì. Kí Bùsọ́lá ṣáájì fóònù, páwà báǹkì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kún lónìí, torí ó lè ti ara kọ̀ǹpútà ṣáájì fóònù. Tó bá jáde, kó fi fóònù sí àpò inú, lẹ́bàá ara. Tí iná bá ti lọ, kó pa dátà, kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Tẹ́ẹ̀sì lásán ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Ó máa ń kọjá nígbà tí ìpè ò bá wọlé, kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀.

Wákàtí 7 la fi ṣáájú wọn lásìkò yìí. Tẹ́ ẹ bá dìde gbàdúrà láago 5 ìdájí, aago 10 alẹ́ àná ló ṣì ń lù lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi àdéhùn sí i: aago 8 àárọ̀ tirẹ̀, ìyẹn aago 3 ọ̀sán níbí, kó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, "mo wà." Kó tún fi òmíràn ránṣẹ́ kó tó sùn. Tí kò bá wọlé lásìkò, ẹ fún un ní wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pe onílé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba nọ́ńbà onílé, ti ọmọ Ìbàdàn yẹn, àti ti Yorùbá kan tó wà nílùú náà. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ẹbí, kó máa ròyìn fún àwọn tó kù.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Winnipeg

Ìyá wa, ẹ fún Bùsọ́lá láàyè kó kàn sí mi lórí ojú ewé yìí níkọ̀kọ̀. Màá fún un ní nọ́ńbà mi àti ti ìyàwó mi.

Ìyá Bùsọ́lá, Ìbarà

Ẹ kú làálàá o, Ọlọ́run á ṣọ́ tiyín náà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Ó ti pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ò tíì fèsì, ó ní òun ò lọ, bó fèsì bí kò fèsì. Ẹ̀rọ tó ń ké nígbà èéfín wà lára ògiri wọn, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Wọ́n ti rà á. Wọ́n ti pọn omi sínú gbogbo ìkòkò, ó ní kódà èyí tí òun fi ń ro àmàlà kún. Páìpù hítà nìkan ni wọn ò tíì rí, onílé ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n jọ ń gbé, SS ni, ìyẹn síkù sẹ́ẹ̀lì. Kò sọ ọ́ fún Bùsọ́lá tẹ́lẹ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe sí ti tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Ó ṣeun tó sọ ọ́. Òtútù wà lára ohun tó máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní arunmọléegun, tí kò bá sì mu omi tó, ó tún máa ń fà á. Nítorí náà, kó má bọ́ síta rárá láti ìsinsìnyí, ì báà ṣe láti gbá ẹnu ọ̀nà. Kó máa mu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ ẹ́. Kó ka oògùn rẹ̀ lónìí, ti ojoojúmọ́ àti ti ìrora. Tí kò bá tó ọ̀sẹ̀ kan, kó pe ilé oògùn báyìí kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.

Tí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ yàrá kan àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí Àǹtí Buffalo sọ ò lè tó fún un. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa lọ láìgun mọ́tò. Ẹ sọ fún Bùsọ́lá kí àwọn méjèèjì gòkè lọ bá onílé lálẹ́ òní, kí wọ́n sọ ọ́ fún un gbangba pé àìsàn báyìí wà, kí wọ́n bi í bóyá ó ní ibi ìdáná onígi tí èéfín rẹ̀ ń gba ṣímínì jáde, tàbí bóyá aládùúgbò kan ní in. Kí wọ́n má jẹ́ kí ojútì mú wọn. Tí ibà bá mú un, tí àyà bá ń dùn ún, tí èémí rẹ̀ ò bá já gaara, tàbí tí ìrora bá kọ oògùn ilé, kí wọ́n pe 911 lójú ẹsẹ̀, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ jẹ́ pé SS ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ọ̀la ni ara rẹ̀ ti ń ṣe é, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án náà, kó má dúró de alẹ́.